Kúádì eré àlòkù: two-stroke ni kí ẹ rà ni, àbí four-stroke?

Ẹni tó bá ń wá kúádì eré tí wọ́n ti lò, ìyẹn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún eré orí yanrìn àti ojú ọ̀nà igbó, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé oríta yìí. Àwọn olólùfẹ́ two-stroke, ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo, á ní kò sí ohun tó dùn tó o. Àwọn ti four-stroke, tó ń gbé ọ́ìlì rẹ̀ sọ́tọ̀, á ní ariwo àti èéfín lásán ni two-stroke. Ohun tí apá méjèèjì kì í fẹ́ sọ síta ni pé two-stroke máa ń tètè béèrè àtúnṣe, àmọ́ owó àtúnṣe rẹ̀ kì í pọ̀. Four-stroke máa ń pẹ́ kó tó yọnu, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá yọnu, àpò á gbọ̀n. Bí ẹ bá ń ra àlòkù tí ẹ ò mọ ọwọ́ tó ti kọjá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: tí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú lóṣù tó ń bọ̀, ṣé mo lágbára láti jí i?

Amẹ́ríkà ni ọjà kúádì eré àlòkù ti gbòòrò jù, níbẹ̀ la ó sì ti mú àpẹẹrẹ wa.

Àwọn tó wà lọ́jà

Nínú two-stroke, orúkọ tí ẹ máa bá pàdé jù ni Yamaha Banshee, tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1987 sí 2006: 347 cc, síléńdà méjì, omi ló ń tù ú, jíà mẹ́fà, kíìkì nìkan, kò ní rìfáàsì. Àbúrò rẹ̀ ni Blaster (1988 sí 2006), 195 cc, síléńdà kan tí afẹ́fẹ́ ń tù. Honda TRX250R (1986 sí 1989) àti Suzuki LT250R (1985 sí 1992) ṣì wà, àmọ́ àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ti gbé owó wọn sókè, páàtì wọn kan sì ti ń wọ́n.

Ẹ ò ní rí two-stroke eré tuntun lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Japan mọ́. Òfin èéfín tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2002, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọkọ̀ 2006, ló lé wọn kúrò. Nítorí náà, two-stroke tí ẹ bá rà ti tó ọmọ ogún ọdún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ọ́ìlì síìlì rẹ̀ ti le, bó ti wù kí pẹ́ńtì rẹ̀ máa dán tó.

Four-stroke pín sí ọ̀nà méjì, ẹ má sì ṣe dà wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni àwọn oníwà pẹ̀lẹ́: Honda TRX400EX (1999 sí 2008, tí wọ́n wá ń pè ní 400X láti 2009), Suzuki LT-Z400 (láti 2003) àti ìbejì rẹ̀ Kawasaki KFX400, àti Yamaha Raptor 700 (láti 2006). Ọ̀nà kejì ni àwọn 450 tí wọ́n bí fún ìdíje: Yamaha YFZ450 àti Honda TRX450R, tí àwọn méjèèjì dé ní 2004, àti Suzuki LT-R450 tó dé ní 2006. Èèyàn á gbọ́ pé four-stroke kì í bàjẹ́, á sáré lọ ra 450 tí wọ́n ti fi díje, á wá máa ṣe kàyéfì. Ọ̀rọ̀ "kì í bàjẹ́" yẹn, àwọn 400 ló ni ín.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń pa á

Ní two-stroke, gbogbo ìgbà tí kiráǹkì bá yí po lẹ́ẹ̀kan ni iná ń ṣẹ́. Epo àti afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gba inú ilé kiráǹkì kọjá kí wọ́n tó dé orí písítìnì, ọ́ìlì tó wà nínú epo náà ló sì ń fi ọ̀rá pa béárìn àti ara búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour mọ̀ ọ́n dáadáa: tí ẹ bá gbàgbé ọ́ìlì nínú epo, iṣẹ́ ti bà jẹ́.

Bóyá ẹ ò gbàgbé ọ́ìlì rárá o, kó tún ṣì kú. Ohun tó ń pa two-stroke jù ni kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ooru á ga, písítìnì á wú, á fi ara ha búlọ́ọ̀kù, á sì gan síbẹ̀. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àjèjì fi ń wọlé kò ju mélòó kan lọ: ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ kiráǹkì tó ti gbó, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù tó ti sán, gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù tó ń jò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti olówó tó ra sáléǹsà ńlá àti fílítà tó ṣí sílẹ̀ gbagada, tó sì fi jẹ́ẹ̀tì (ihò tí epo ń gbà kọjá) kékeré ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀. Tí ẹ bá rí sáléǹsà olówó ńlá lára Banshee, ẹ bi olùtajà pé nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì wo ló wà nínú rẹ̀. Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ kà á sí ẹ́ńjìnnì tó máa gba písítìnì tuntun, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ máa san.

Ojú ọjọ́ náà wà ńbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì tó bá oòrùn oṣù kẹjọ ní Texas mu lè kéré jù lóṣù kejìlá. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa ṣí kábúrétọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà, kó fi two-stroke sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Four-stroke ní tirẹ̀ ń gbé ọ́ìlì rẹ̀ sọ́tọ̀, fáàfù ló sì ń ṣí tó ń pa ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń pa á ni ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ tàbí tó pẹ́ jù, eruku tó gba inú fílítà ìdọ̀tí wọlé, àti ṣéènì táímì (èyí tó ń darí fáàfù) tó ti fà. Tí ṣéènì yẹn bá fò tàbí tó já, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) á bàjẹ́, nígbà míì búlọ́ọ̀kù náà á bá a lọ. Àtúnṣe orí two-stroke ò ju písítìnì, ríǹgì, béárìn kékeré orí rẹ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì lọ, pẹ̀lú owó ẹni tó máa bọ́ búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ni pé kó fẹ inú rẹ̀. Ẹni tó mọ sípánà dì mú lè parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ti four-stroke ń fẹ́ fáàfù, ìjókòó fáàfù, ṣéènì, àti ọwọ́ ẹni tó mọ táímì dáadáa.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tó ń gun kúádì fúngbà àkọ́kọ́, tó fẹ́ kó tẹ bọ́tìnnì kó jí, tó fẹ́ rin ọ̀nà igbó tó ń lọ sókè sódò bí àwọn ọ̀nà Hatfield-McCoy ní West Virginia: TRX400EX. A ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn falẹ̀. Ó ń fà láti ìsàlẹ̀, kì í já lójijì, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò sì ní rédíétọ̀ tí òkúta máa lù. Tí ẹ bá nílò rìfáàsì, láti 2005 ni wọ́n ti fi sí i. Àwọn tó ṣáájú ò ní. Ẹ rántí pé ìwọ̀n kúádì báyìí kì í ṣe ti ọmọdé, ẹni ọdún 16 sókè ni wọ́n ṣe é fún, kí àṣíborí sì wà lórí.

Yanrìn gbalasa bíi ti Glamis ní California, tàbí Little Sahara ní Oklahoma, ni Banshee ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Agbára rẹ̀ kì í sí nísàlẹ̀. Á dà bíi pé ó ń sùn, tó bá sì dókè ó máa ta bí ìgbà tí wọ́n ju òkò. Lórí òkè olókùúta, ìwà yẹn á máa dáni lágara, ẹ ó máa fi kílọ́ọ̀ṣì tọ́jú rẹ̀ ṣáá. Tí ẹ bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, four-stroke á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọwọ́ níná (ohun tí ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì lépo). Two-stroke á kàn máa ṣàn lọ ni, bíréèkì nìkan lẹ máa gbára lé.

Wọ́n máa ń sọ pé two-stroke fúyẹ́ jù. Òótọ́ ni fún Blaster. Banshee ò fúyẹ́ ju 400EX lọ, nítorí náà ẹ má torí ìyẹn rà á.

Blaster ni a ó fi fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Àwọn 450, ẹni tó ń ka wákàtí ẹ́ńjìnnì, tó sì ṣe tán láti máa pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn eré díẹ̀ díẹ̀ ló ni wọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ wò ó

Ẹ sọ fún olùtajà pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé kì í jí nígbà tó bá tutù. Ẹ mú géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣàn (tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ le tó) dání, sípánà púlọ́ọ̀gì, tọ́ọ̀ṣì, àkísà, àti jáàkì kékeré.

Tó bá jẹ́ two-stroke, ẹ tan án díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì (méjèèjì, tó bá jẹ́ Banshee), kí ẹ fi géèjì síbẹ̀, kí ẹ tẹ iná dé òpin, kí ẹ sì máa kíìkì títí ọwọ́ géèjì ò fi gòkè mọ́. Tó bá wà lábẹ́ 100 psi, ẹ máa tún òkè rẹ̀ ṣe láìpẹ́. Lára Banshee, ìyàtọ̀ tó wà láàárín síléńdà méjèèjì ló ṣe pàtàkì jù: tó bá ju 10 psi lọ, ọ̀kan ti ń jìyà, ó sì lè jẹ́ pé ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́. Tó bá ga gan-an, bíi 150 sókè, ẹnì kan ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù tàbí kó fá díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ẹ béèrè irú epo tó ń lò, torí epo lásán lè máà tó fún un.

Ẹ wo ojú púlọ́ọ̀gì. Àwọ̀ bí ara igi jíjóná fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Funfun báláú, tàbí àwọn èérún kéékèèké tó ń dán bí fàdákà lára rẹ̀, túmọ̀ sí pé písítìnì ti ń yọ́. Dúdú tó lọ́ràá ò burú tó bẹ́ẹ̀. Epo ló pọ̀.

Ẹ béèrè ìwọ̀n písítìnì. Ti Banshee láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 64 mm, ti Blaster 66 mm. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bọ́ búlọ́ọ̀kù, ìwọ̀n yẹn ń ga sí i. Banshee tó ti dé 66 mm ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ irin inú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tán. Tó bá tún ha lẹ́ẹ̀kan sí i, irin inú tuntun ni, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Èéfín búlúù nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ má fòyà. Èéfín funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀ lẹ máa wá ìdí rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú síléńdà. Tó bá ń rùn bí ọ́ìlì jíjóná, tí ọ́ìlì jíà sì ń dín kù láìjò síta, ọ́ìlì síìlì apá kílọ́ọ̀ṣì ló ti lọ. Síìlì apá kejì ni kì í ní èéfín tó lè tú u fó. Afẹ́fẹ́ ló ń fà, ẹ ó kàn gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì á máa ké sókè fúnra rẹ̀ tí kò sì fẹ́ rọlẹ̀ tí ẹ bá yọ ọwọ́ níná. Tí ẹ bá gbọ́ igbe yẹn, ẹ pa á kíá.

Ìdánwò tó ń fòpin sí iyèméjì ni kí wọ́n dí ẹnu sáléǹsà àti ẹnu kábúrétọ̀, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ 6 psi sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 6. Olùtajà tó gbà kí ẹ ṣe é, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ò ní gbà, ẹ lè ṣe é nílé kí ẹ tó gùn ún.

Àìsàn kan wà tí kì í ṣe àìsàn ẹ́ńjìnnì rárá. Yamaha fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní TORS sára Banshee àti Blaster, tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró tí wáyà iná bá há. Tí swíìṣì rẹ̀ bá gbó, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ gba epo, olùtajà á sì rò pé kábúrétọ̀ ni, á tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó mọ èyí lè ra ọjà dáadáa lówó pọ́ọ́kú.

Tó bá jẹ́ four-stroke, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣàn. Ọ̀pọ̀ wọn, títí kan 400EX, ní ohun tó ń ṣí fáàfù díẹ̀ nígbà tí sítátà bá ń yí i kó lè rọrùn láti jí, nítorí náà géèjì á fi ohun kékeré hàn lára ẹ́ńjìnnì tó le koko. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi písítìnì sókè pátápátá pẹ̀lú gbogbo fáàfù ní pípa, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wá tẹ́tí. Tó bá ń mí láti ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù ìwọlé ni. Láti sáléǹsà, fáàfù ìjáde. Láti ẹnu ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì. Tí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù.

Ìró náà ń sọ̀rọ̀. Tìkìtìkì fẹ́ẹ́rẹ́ lókè lè jẹ́ fáàfù tó fẹ́ àtúnṣe lásán. Lára 400EX, iṣẹ́ sípánà àti irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àyè fáàfù ni, 0.10 mm fún ìwọlé, 0.12 mm fún ìjáde. Ìró bí ẹni ń mi ṣéènì nínú agolo, ṣéènì táímì ni, LT-Z400 àti KFX400 sì lókìkí fún ohun tó ń fa ṣéènì náà le fúnra rẹ̀ tó máa ń kùnà. Ọ̀pọ̀ olówó ló ti fi èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí rọ́pò rẹ̀. Gbọ̀ngbọ̀n ńlá láti ìsàlẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

YFZ450 ti 2004 ní fáàfù titanium márùn-ún. Tí ìbora wọn bá ti bó, wọ́n á máa rì sínú ìjókòó wọn, àyè fáàfù á máa dín kù, ẹ́ńjìnnì á sì máa nira láti jí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n wọn àyè fáàfù kẹ́yìn. "Kò tíì nílò ẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn.

Èéfín búlúù tó yọ fìrí nígbà tó jí tó sì lọ, síìlì fáàfù ni, ẹ lè dúnàá-dúrà lórí ẹ̀. Èyí tó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ iná, ríǹgì ni. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ́ìlì 400EX: inú táǹkì ọ̀tọ̀ ló wà, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá wò ó ní tútù á rò pé ó ti lọ sílẹ̀, á da púpọ̀ sí i, ọ́ìlì á wá kún inú ilé fílítà. Tí ẹ bá rí ọ́ìlì níbẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ dá ríǹgì lẹ́bi.

Ara kúádì ò yàtọ̀ fún méjèèjì. Ẹ jáàkì iwájú, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń ṣeré, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Tó bá ń ṣeré, ọ̀pá ìdarí. Ẹ jáàkì ẹ̀yìn, ẹ yí táyà kí ẹ sì wo bóyá ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ń jó. Tó bá ń jó, ó ti tẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí apá iwájú ti so mọ́ férémù àti ìdí ibi ìfẹsẹ̀lé, ibẹ̀ ni férémù ti ń sán. Pẹ́ńtì tuntun níbẹ̀ nìkan yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ìwé rẹ̀

Banshee wà lára àwọn tí olè fẹ́ràn. Ẹ ka nọ́ńbà férémù fúnra yín, ẹ fi wé ti orí ìwé, ẹ tún fi wò ó lórí VINCheck, ojú ewé àyẹ̀wò ọkọ̀ jíjí ti NICB (àjọ àwọn oníṣẹ́ ìbánigbófò Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti olè àti jìbìtì), ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà tàbí kí wọ́n jó irin lé e, ẹ máa lọ. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún kúádì níwèé yàtọ̀, nítorí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó, pàápàá tí ẹ bá ń rà á láti ìpínlẹ̀ míì.

Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé kó máa gùn ún létíkun tàbí lóko, kó di páàtì mọ́ ọn: gásíkẹ́ẹ̀tì odindi kan, púlọ́ọ̀gì, fílítà afẹ́fẹ́ méjì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ti iná, písítìnì tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu tó bá jẹ́ two-stroke. Yanrìn òkun máa ń tètè jẹ fílítà àti ṣéènì.

Tí ẹ bá ti gbé e délé

Ẹ da epo tí ẹ bá nínú two-stroke nù. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe pò ó, epo Amẹ́ríkà tó ní ethanol sì máa ń dà bí gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀ tó bá pẹ́. Ẹ ṣí kábúrétọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ po tiyín. Ọ̀pọ̀ tó ń gun Banshee ń lo 32:1: ọ́ìlì 31 ml sí lítà epo kan, 156 ml sí lítà 5, tàbí áúńsì 4 sí gálọ̀nù Amẹ́ríkà kan. Ẹ má ro pé bí ẹ bá fi ọ́ìlì kún un lẹ ti ṣe é lóore: jẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, tí ọ́ìlì bá pọ̀ sí i, epo tó ń wọlé á dín kù, ooru á sì ga. Blaster ní páǹpù tirẹ̀ tó ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì ọ̀tọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ wò ó bóyá páǹpù náà ṣì wà kí ẹ tó da epo lásán sí i. Àìwòó yẹn ti pa ẹ́ńjìnnì púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Fún four-stroke, ẹ tú ọ́ìlì dànù nígbà tó bá gbóná, ẹ gé fílítà ọ́ìlì rẹ̀ ṣí, kí ẹ tẹ́ ìwé inú rẹ̀ sábẹ́ iná. Eruku dúdú díẹ̀ kò burú. Irin wínníwínní tó ń dán bí idẹ, béárìn ló ń jẹ, ẹ má gùn ún mọ́. Ọ́ìlì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, torí kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì kan náà. Ọ́ìlì mọ́tò tó ń yọ̀ jù á jẹ́ kó máa yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rù. TRX450R ní ibi ọ́ìlì méjì, ti ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ti jíà lọ́tọ̀. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀.